Mélòó Nínú Mẹ́wàá

Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà Òkè-Onígbìn ní kòtò kòtò.
Ọkọ̀ wa ń mì, ìwé ìbéèrè ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi:
igba ìwé ó dín márùn-ún. Orúnkún àgbà la wá yẹ̀ wò.

Ìbéèrè kẹtàdínlógún ni mo fẹ́ sọ.
Bí òdo bá jẹ́ pé kò dùn yín rárá,
bí mẹ́wàá bá jẹ́ èyí tó le jù tí ẹ ti jẹ rí,
ìrora yín, mélòó ni nínú mẹ́wàá?
Ìlọrin la ti túmọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tó tutù nini.
Ẹni méjì tú u wá sí Yorùbá, ẹni méjì tú u padà,
Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i pé ó gún régé.

Ìyá Sàláwà jókòó lórí báńsì ní Ìsánlú-Ìsin,
orúnkún méjèèjì wú bí àkàsù ẹ̀kọ.
Mo ka ìbéèrè. Ó ń wò mí.
Mo tún un kà, mo gbóhùn sókè,
àfi bí ẹni pé etí ló gbé e wá sílé ìwòsàn.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ń ka ìrora ni?
Ebè là ń kà, ọjọ́ là ń kà.
Tèmi kì í jókòó kí n kà á, rírìn ló ń rìn.
Láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, mo sì lè fọ abọ́.
Bí oòrùn bá kan àtàrí, ó ti dé Òwù.
Lálẹ́, bí mo bá forí balẹ̀ kírun tí mo fẹ́ dìde,
Àjàṣẹ́ ló wà yẹn, ó ń dúró de mọ́tò Ìlọrin.
Ọjọ́ tó bá rí mọ́tò wọ̀, ẹ̀yin náà ó gbọ́ ọ lọ́hùn-ún."

Àpótí méjì péré ló wà lórí ìwé, ti nọ́ńbà.
Nọ́ọ̀sì Múníráátù rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀:
"Dókítà, kọ mẹ́ta, kí ìlà lè rìn."
Mo kọ mẹ́ta.
Mo wá kọ ọ́ sétí ìwé, wínníwínní: Àjàṣẹ́, lálẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ní Ìlọrin, àtẹ wà lára ògiri.
Mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, ẹyọ kan.
"Àwọn àgbà Ìsin mà le o," ni ẹnì kan wí,
a sì ti fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣí ìwé lọ, ó dúró.
"Kí ni Àjàṣẹ́ ń wá níbí?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé, ojú ń tì mí.
Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò ojú rẹ̀.
"Aago mélòó lẹ máa ń débẹ̀?"
Mẹ́sàn-án àárọ̀.
"Ẹ ń kúrò ńkọ́?"
Kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Fáànù ń yí.
Gbogbo igba ó dín márùn-ún,
ẹ̀yìnkùlé la ti bá ìrora wọn,
a kí i, a kọ orúkọ rẹ̀, a wọkọ̀ wa.

A padà lọ. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ kì í rìn lálẹ́, ọ̀kadà la gùn.
Ohun tí a rí wà nínú ìwé tí a kọ, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ kà á.

Èyí tí mo mú bọ̀ kò wọ ìwé.
Lóru kan, wọ́n gbé Bàbá Ládèjọbí dé láti Ọ̀fà.
Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yí ibùsùn ká, bírò lọ́wọ́.
Èyí tó yá jù bèèrè: mélòó nínú mẹ́wàá?
Bàbá dijú.
Mo tẹ̀ síwájú. "Bàbá, níbo ló dé báyìí?"
Ó lajú, ó wò mí bí ẹni rí ará ilé.
"Ó ti kọjá Ìlọrin yín yìí. Jẹ́bà ló wà.
Ó dúró sétí Ọya, ó ń wá ọlọ́kọ̀."
Bírò ṣì ń wá nọ́ńbà tí yóò kọ,
mo ti sáré lọ fa abẹ́rẹ́.